Omi Kànga Tí A Fi Ń Mú Ara Ọmọ Le

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ ilé yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín lẹ́bàá fèrèsé mi. Ẹ ní lóde òní, kí ọkùnrin tó béèrè orúkọ obìnrin, jínótáìpù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, ẹ wá ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá yín rín in. Àmọ́ ẹ wo ẹnu mi dáadáa. Ṣé ẹ rí àlàfo tó wà níwájú yìí? Ẹ rò pé ogbó ló yọ ehín ibẹ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fi ṣeré yẹn ló yọ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, nínú àgbàlá tí ẹ jókòó sí yìí gan-an. Pákó ọmọ Ìwáyà kan ló gbá a jáde. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò lè fi ìwé ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún yín. Ohun tí mo fojú rí ni mo lè sọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba iyọ̀ tí mo bá bù sí i.

Ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí yẹn, kànga ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà Sáàpù ni mò ń sọ, tí ètò ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí ẹran inú ọbẹ̀ ti kéré débi pé bí o bá sín lórí àwo, o ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ìdílé kan ló kún yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, bí ẹnì kan bá húkọ́ lápá ọ̀tún, ẹni apá òsì ló máa dáhùn pé pẹ̀lẹ́. Èmi ń ṣe wẹ́dà ní Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, mò ń fi iná jó irin mọ́ irin. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Bàbá Táwà, panẹ́ẹ̀lì bítà, ọmọ Ọ̀yọ́. Bí ẹ kò bá rí ọkùnrin yẹn, ẹ ò tíì mọ ohun tí Ọlọ́run lè fi ẹran ara ṣe. Bí bọ́dì ọkọ̀ bá tẹ̀ wọnú, àwọn yòókù á lọ wá hámà, tirẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń tẹ́ ẹ. Ìṣojú mi báyìí ló gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó kan, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà tọ́ gbọnrangandan, tí ẹ́ńjìnnì tó ti kú láti oṣù kẹta sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìsí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà wà láyé, àmọ́ ó ti kó lọ sí Kútọ̀nù.

Àárọ̀ ilé yìí nígbà náà, ariwo kànga ló ń jí ènìyàn. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ okùn tó ń ha ẹnu kànga, rìrì, rìrì, lẹ́yìn náà ìfami á balẹ̀ sínú omi, gbìì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lára ẹran tútù: pàá. Bàbá Táwà ti to àwọn ọmọ rẹ̀ sídìí kànga nìyẹn, ní ìhòòhò, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́. Mímú ara le ló ń pè é. Yóò da garawa omi lé ọmọ lórí, yóò gbá a láyà, yóò gbá a lẹ́yìn, yóò ní kó sáré yí ilé po, bó bá ti dé, omi mìíràn. Ọmọ tó bá gbọ̀n, ó gbọ̀n gba garawa kejì. Ọmọ tó bá sunkún, ó sunkún gba ẹ̀kẹta. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán ni wọn óò wá mu àgbo kan tó korò débi pé ajá kan tó lá ìgò rẹ̀ kò gbó mọ́ títí tó fi kú, orí ló kàn ń mì.

"Báyìí ni bàbá tèmi ṣe fún mi ní ara yìí," ló máa ń wí, tí á máa fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. "Odò ni tiwa, lọ́nà oko. Inú ọyẹ́ ló ń tì wá sí. Ìlera ò dà bí ilé tí èèyàn á kàn jókòó kó jogún. Ọwọ́ ni mo fi ń kó o sí wọn lára."

Gbogbo wa la sì gbà á gbọ́. Àdúgbò yìí ò ní dókítà ọmọdé tí ẹ ń kó ọmọ lọ bá lónìí nítorí pé ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kó ìlera tirẹ̀ sí ọmọ lára, lílù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ilé kejì tó máa ń fi ata ra ìpéǹpéjú ọmọ rẹ̀ kí ojú ọmọ náà lè mú. Ojú ọmọ náà mú lóòótọ́. Bó bá ti rí bàbá rẹ̀ ní òpin títì, á ti fo fẹ́ǹsì.

Ìjà àgbò ló tún fi kún ohun tí Bàbá Táwà gbà gbọ́. Ẹ ò mọ ìyẹn náà. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, pápá tó wà lẹ́yìn ọjà á kún fún àwọn tó ń fi àgbò jà, eruku á bo ojú, ẹ óò gbọ́ tí orí bá orí, gbàgà, bí ìgbà tí trélà kọlu ògiri. Bàbá Táwà ní àgbò kan tó ń jẹ́ Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì yìí kan ọmọlanke kan lójú títì lọ́jọ́ kan, tòun ti ẹni tó ń tì í, ó gbé wọn fo gọ́tà, ọkùnrin náà sì dìde, ó bẹ àgbò ní ẹ̀bẹ̀. Bí Bàbá Táwà bá fẹ́ ra àgbò, kì í wo ìwo, kì í wo irun. Ohun tó máa ń bi ẹni tó ń tà á ni pé, "Ta ni bàbá rẹ̀?" Bí bàbá àgbò bá jà dáadáa, ó tán, ọmọ náà á jà. Bó ṣe ń wo àgbò náà ló ṣe ń wo èèyàn.

Ọmọ kan wà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, Músílíù, àbíkẹ́yìn wọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò bu iyọ̀ sí i. Ẹyinjú Músílíù máa ń pọ́n bí ìyeyè. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọwọ́ rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún eegun. Ẹkún yẹn ò jọ ẹkún pàṣán. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi, bí ẹni tí wọ́n ń ká egungun rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ náà, ó ní ara rẹ̀ ò tíì gba ohun tí òun ń kó sí i. Ó fi kún omi. Bí àwọn yòókù bá gba garawa kan, Músílíù á gba bó bá ṣe ń gbọ̀n tó. Ìyá rẹ̀ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura, kò jẹ́ wí nǹkan kan, nítorí ìgbà tó wí i, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ọkọ rẹ̀ fi gbá a lẹ́nu. Ọmọ náà kú nínú ọyẹ́ ọdún kan. Kò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kọjá títì. Bàbá rẹ̀ ní ibà ni. Ó fi ẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà mọ́. A ò sì dá orúkọ náà mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Táwà, àkọ́bí wọn, kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó gbé máṣínnì rẹ̀ síwájú yàrá. Ọmọkùnrin kan láti Ìwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣòkòtò wá fún un láti rán. Ṣòkòtò tó dáa ni o. Mo rò pé ó máa ń dúró sí ọ̀nà kó fi ọwọ́ ya á kó tó dé. Jídé lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nísọ̀ pákó létí ọ̀sà níbi tó kángun sí Makoko, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Wọ́n ní òun nìkan ló ń yí gẹdú jáde nínú omi, àti pé lọ́jọ́ kan tí gẹdú kan kọ̀ tí kò yí, ó gbá a létí, gẹdú náà sì yí fúnra rẹ̀.

Àṣà ilé Bàbá Táwà ni pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ rẹ̀, á kọ́kọ́ bá àwọn ọmọkùnrin ilé náà ja ẹkẹ. Kò béèrè ẹ̀sìn. Kò béèrè ìlú. Jídé ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kírun, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Jídé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé e fún Táwà mú dání, ó bọ́ sáàárín àgbàlá yìí. Káríìmù, ọmọkùnrin àgbà Bàbá Táwà, ló kọ́kọ́ wọlé. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Káríìmù gba ojú ọ̀run kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn jókòó sínú ìkòkò ẹ̀wà ìyàwó mi, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rí ìyẹn, ó ní òun ti gbà.

Inú Bàbá Táwà dùn bí ẹni tó rí àgbò rà. Ó yí Jídé po, ó tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ nítan.

"Ta ló bí ẹ?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Níbo lo ti rí ara yìí?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá mi náà ni, sà. Kílẹ̀ tó mọ́ ló máa ń jù wá sínú ọ̀sà."

"Nínú ọyẹ́?"

"Inú ọyẹ́ gan-an ló fẹ́ràn jù, sà."

Bàbá Táwà gbá ọmọ náà mọ́ra, mo gbọ́ egungun ẹnì kan tó ké. Ó ní, "Ìyá Táwà, ẹ jáde wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ tí èyí bá bí, orí ni wọ́n á fi máa fọ́ òkúta."

Ìyá Táwà jáde. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ń ta kẹrosíìnì lójú títì, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó wo Jídé láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ó lágbára. Mo rí i. Kì í ṣe agbára ni mò ń wá. Ẹ jẹ́ kí òun àti Táwà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù."

"Àyẹ̀wò kí ni? Ẹ̀jẹ̀ tó yọ lẹ́nu Káríìmù yẹn ò tó yín wò ni?"

"Nọ́ọ̀sì kan tó ń ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní bàbá lè le koko, ìyá lè le koko, kí wọ́n fi nǹkan kan pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ní in, ọmọ lè kó méjèèjì. Ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀."

"Ní ilé mi? Kò sí olókùnrùn rí nílé mi."

"Músílíù ńkọ́?"

Mo sọ fún yín pé àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin yẹn ń tẹ́ irin. Ó fi gbá ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínnì Táwà, gèlè rẹ̀ ré bọ́ sínú gọ́tà. Kò sunkún. Ó dìde, ó nu ẹnu, ó kọjú sí Jídé, ó ní, "Ọkọ mi, o ti gbọ́ ohun tí mo wí. Lọ sọ fún bàbá rẹ. Bí ẹ ò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mi ò ní fún yín ní Táwà, ì báà jẹ́ òkú mi ni bàbá rẹ̀ máa dá kọjá. Mi ò tún ní jókòó ti ọmọ ọmọ mi kí n máa gbọ́ ẹkún yẹn."

Ẹ̀yin, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ ó kàn na apá. Nígbà náà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ wà nílé yín. Bí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, a máa ń rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí ní bòókẹ́lẹ́: ṣé wèrè ò sí nílé wọn, ṣé wárápá ò sí. A kì í sọ ọ́ síta. Ìyá Táwà ti sọ ọ́ síta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàbá Jídé ti dé láti Ìwáyà.

Ó kúrú, ó fẹ̀, ó dà bí àpótí tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀. Eruku pákó ti gé ohùn rẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀, ayùn lẹ máa gbọ́. Àwọn ọmọ ìsọ̀ pákó ló tẹ̀ lé e, wọ́n kún gbogbo ọ̀nà àbáwọlé, olúkúlùkù gbé pákó dání, kì í sì ṣe pé wọ́n fẹ́ wá tà á. Jídé wà lẹ́yìn wọn, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé. Èmi jókòó síwájú yàrá mi, mò ń jẹ ẹ̀wà. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé ọ̀sán ni, ètè gbogbo wa sì ti là.

"Ta lẹ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́?" ni bàbá Jídé wí.

Bàbá Táwà dìde. Ká sọ òótọ́, ó kọ́kọ́ fẹ́ fi sùúrù ṣe é. "Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀jẹ̀ yín ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ló ń sọ tirẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi fún yín."

"Mi ò mu omi ilé aláàrùn."

Mo gbé àwo ẹ̀wà mi kúrò lórí itan, mo gbé e sí ẹ̀yìn mi.

"Ẹ tún un sọ," ni Bàbá Táwà wí.

"Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń wá àrùn kiri ilé mi, ẹ ti ka iye tó wà ní tiyín? Èmi rèé. Ẹ wò mí. Níbo ni àrùn máa gbà wọlé sí mi lára?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí ojú ọ̀nà fún un," ni Bàbá Táwà wí, ó sì gbá a.

Àwọn tó wà lọ́jà Ojúwọ́yè ní àwọn gbọ́ gbígbá yẹn, wọ́n rò pé táyà trélà ló bẹ́. Bàbá Jídé ò ṣubú. Ó mi orí bíi Sájẹ́ńtì, ó fi iwájú orí kan Bàbá Táwà níkùn, àwọn méjèèjì sì gba ilẹ̀kùn yàrá kan wọlé, wọ́n gba fèrèsé rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ ìsọ̀ pákó ya wọ inú ilé. Káríìmù mú irin, àbúrò rẹ̀ mú àga, ìyàwó mi mú ọmọ-orógùn, ó dojú kọ ọkùnrin méjì, ó ń lù wọ́n, ó ń béèrè ẹni tó máa san owó ẹ̀wà àná. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n jù sórí òrùlé, tó jókòó síbẹ̀, tó ní òun ò sọ̀ mọ́. Èmi, mo dìde láti là wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ẹ jọ̀wọ́" ni pákó bá mi lẹ́nu. Ehín mi já sínú àwo ẹ̀wà. Mo wá a títí. Mo rò pé mo ti jẹ ẹ́ kí n tó mọ̀.

Mo ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀rín tán nínú rẹ̀. Bàbá Jídé ti fi ẹsẹ̀ àga la Bàbá Táwà níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò ríran mọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọrùn bàbá Jídé. Ó fún un. Ó fà á dé ẹnu kànga, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga náà, orí ọkùnrin náà ti wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta lókè. Jídé di apá Bàbá Táwà mú, apá náà ò mì. Táwà ń fa aṣọ bàbá rẹ̀ látẹ̀yìn, aṣọ ya. Ojú bàbá Jídé ti ń di dúdú. Ó ku díẹ̀ kó kú sínú kànga ilé yìí.

Ìyá Táwà ló dé. Garawa omi kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ti fà láti àárọ̀ tí ọyẹ́ sì ti fẹ́ sí. Ó gbé e, ó da gbogbo rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lórí.

Ọkùnrin náà mí hàà, ó jáwọ́, ó yí padà. Ìyá Táwà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láyà, pàá.

"Sáré yí ilé po," ló wí.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin ni obìnrin náà ń pe ọkọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yin jù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ju ìfami sínú kànga, ó fà á jáde, ó dà á lé e lórí. "O gbọ̀n. Mo rí ẹ tí o gbọ̀n. Òmíràn nìyẹn." Ó tún gbá a láyà. Ọkùnrin náà dúró, ẹ̀jẹ̀ àti omi ń ṣàn lára rẹ̀, kò gbé ọwọ́ sókè. "Músílíù náà gbọ̀n. Eegun ló ń dùn ún, o sì ń da omi sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, o ní ọ̀lẹ ni. Ibà kọ́ ló pa á. Ìwọ àti èmi la bí àìsàn náà mọ́ ọn lára, o wá mú omi kànga, o fi ràn án lọ́wọ́."

Àwọn ọmọ ìsọ̀ pákó ti dúró. Ẹni tó wà lórí òrùlé pàápàá na ọrùn wò wọ́n. Bàbá Jídé ti yọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń húkọ́, ó di ọrùn rẹ̀ mú.

"Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde. "Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ wú?"

"Ó wú."

"Ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n?"

"Bí ìyeyè."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Àkọ́bí mi nìyẹn. Bó ṣe ṣe òun náà nìyẹn. Ọ̀sà ni mò ń jù ú sí. Á di etí ọkọ̀ mú, á máa bẹ̀ mí pé ara ń dun òun. Èmi á máa já ìka rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Jídé yí ojú sí bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré ni pé omi ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n rán orí, wọ́n di apá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn wò. AS ni Bàbá Táwà. AS ni Ìyá Táwà. Táwà náà, AS. Jídé, AS. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n le, wọ́n á pẹ́ láyé, àmọ́ bí Táwà àti Jídé bá fẹ́ra, gbogbo oyún tó bá ní ló lè bọ́ sí ibi tó dáa, ló sì lè bọ́ sí ibi tí Músílíù bọ́ sí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ kí ó tó dé.

Bàbá Táwà ní, "Ta ló gbé e wọ ilé mi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni, sà."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí nọ́ọ̀sì. "Ọwọ́ yìí náà?"

"Kì í ṣe ọwọ́, sà. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sí ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣe sí i."

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ sí Ládìpọ̀. Ó yá hámà ńlá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹnu kànga. Ó fọ́ ọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, ó ń ju òkúta sínú rẹ̀, ó ń ju bíríkì, ó ju àga tó ti fọ́ àti ìgò àgbo sí i, títí kànga náà fi kún. Onílé dé, ó ń pariwo bọ̀ láti títì. Ó wo hámà, ó wo ojú ẹni tó mú un dání, ó ní òun ti ń wá bí òun ṣe máa dí kànga náà tipẹ́.

Àmọ́ Jídé ò lọ. Bàbá rẹ̀ ti ní kó lọ, ìyá Táwà ti bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dé, ó dúró níwájú máṣínnì Táwà. Ó ní, "Mi ò lè lọ. A ó máa gbàdúrà. Ọlọ́run ò ní fún wa ní èyí tí ò dáa." Táwà ò gbé ojú sókè, ó ń tẹ máṣínnì lọ.

Bàbá Táwà jáde, báńdéèjì ṣì wà lórí rẹ̀. "Máa lọ, ọmọ mi."

"Mi ò lọ, sà."

"Mo ní kí o máa lọ."

"Mi ò ní lọ, sà."

Bàbá Táwà gbá a. Jídé ṣubú, ó dìde, ó dúró síbi tó wà. Ó tún gbá a. Ọmọ tó ju Káríìmù bí ẹni ju ìrọ̀rí yìí, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ètè rẹ̀ là, ojú rẹ̀ kan dí. Bàbá Táwà ń lù ú, ó ń sọ pé, "Lọ, jọ̀wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, máa lọ," ohùn rẹ̀ sì ti ń já, ẹ óò rò pé òun ni wọ́n ń lù.

Máṣínnì dákẹ́. Táwà dìde, ó bọ́ sáàárín wọn. Ó fa ọrùn búláùsì rẹ̀ wálẹ̀ léjìká. Gbogbo wa rí i. Àpá kún ibẹ̀, àpá wẹ́wẹ́, ó to yípo yípo, ọ̀kan lórí èkejì.

"Ẹ̀yìn mi ni Músílíù máa ń wà," ló wí. "Bí Bàbá bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Bó bá ti ń dùn ún, tí kò fẹ́ kí àwọn èèyàn títì gbọ́ ẹkún òun, ejìká mi ló máa ń fi eyín dì mú. Mo máa ń sọ fún un pé kó máa ge mí jẹ lọ, mo ní kò dùn mí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Jídé, mi ò lè bí ẹni tó máa fi eyín dì mí mú báyìí, kí n máa pọ̀n ọ́n lọ, kí n mọ̀ pé èmi ni mo fún un. Mo fẹ́ràn rẹ. Máa lọ sílé."

Jídé wo ejìká náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ọwọ́ sókè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó fa búláùsì náà, ó fi bo àpá náà, ó ní, "Ó dáa." Ó yí padà, ó ń lọ.

Káríìmù àti àwọn ọmọ àdúgbò ti kó igi jọ sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí lílù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n bá a parí tiwọn. Bàbá Táwà rí wọn. Ó sáré bá Jídé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ méjèèjì kún fún ẹ̀jẹ̀, ó mú un jáde sí títì bí ìgbà tí èèyàn ń mú ọmọ kékeré lọ síléèwé.

"Ọmọ mi rèé," ló wí fún wọn. "Ẹ yà lọ́nà."

Wọ́n yà.